Láti Ọwọ́ Obìnrin Ilé dé Ọwọ́ Òṣìṣẹ́ Ojúmọ́: Ìtàn Iṣẹ́ Ayẹyẹ ní Ìlú Èkó

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí tọpinpin ìtàn àwọn tí ń ṣiṣẹ́ níbi ayẹyẹ Yorùbá, pàápàá ní ìlú Èkó. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ obìnrin ilé, ọmọ-osú àti ẹgbẹ́, ó sì dé ìgbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí ń ṣètò ayẹyẹ gbà á. Ohun tí ó fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí gba iṣẹ́ ẹbí, wọ́n sì pa èdè ẹbí mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ tí ẹbí fi ń san ẹ̀san iṣẹ́ kò bá wọn wọlé. Ẹ̀tọ́ tí òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà là kalẹ̀ fún òṣìṣẹ́ kò sì tíì rọ́pò rẹ̀. Àárín méjèèjì ni òṣìṣẹ́ ojúmọ́ dúró sí.

Ìfáàrà

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ní ìlú Èkó, kí àlejò àkọ́kọ́ tó wé gèlè rẹ̀ tán, àwọn kan ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti òru. Àwọn kan ń na kánópì, àwọn kan ń to àga, àwọn kan ń bó àlùbọ́sà nídìí ààrò, àwọn mìíràn sì ń nu àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sílẹ̀ láti inú ọkọ̀. Nígbà tí àlejò bá lọ tán, àwọn kan náà ni yóò ká aṣọ tábìlì, tí yóò ka ṣíbí, tí yóò sì gbá ilẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti kọ púpọ̀ nípa ẹni tí ó ṣe ayẹyẹ, ẹni tí ó wá jẹ ẹ́, aṣọ ẹbí tí wọ́n wọ̀ àti olórin tí ó kì wọ́n. Ẹni tí ó gbé àwo kì í sábàá sí nínú ìwé.

Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ní ọwọ́ nínú ìgbàgbé yìí. Ìnáwó ni Yorùbá ń pe ayẹyẹ, onínàáwó sì ni ẹni tí ó gbé e kalẹ̀. Orúkọ náà ti tọ́ka sí ẹni tí owó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde. Kò tọ́ka sí ẹni tí òógùn ti ara rẹ̀ jáde. Láyé àtijọ́, èyí kò fa ìṣòro púpọ̀, nítorí pé ẹbí onínàáwó ni òṣìṣẹ́ náà, àpọ́nlé tí ó bá kan onínàáwó ń kan òun náà. Lóde òní, ẹni tí ń gbé àwo lè má mọ orúkọ onínàáwó rárá. Ìbéèrè tí àpilẹ̀kọ yìí ń dáhùn ni bí iṣẹ́ náà ṣe ti ipò kìn-ín-ní dé ipò kejì, àti ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ lójú ọ̀nà.

Iṣẹ́ ayẹyẹ gẹ́gẹ́ bí ojúṣe agbo ilé

N. A. Fadipe, ẹni tí ó parí iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1939, tí wọ́n sì tẹ ìwé náà jáde ní ọdún 1970 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ṣàlàyé ọ̀nà tí Yorùbá ń gbà fi ọwọ́ kún ọwọ́. Àáró ni ti àwọn ẹlẹgbẹ́ tí ń yí iṣẹ́ ká láàárín ara wọn: lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ. Ọ̀wẹ̀ ni ti ẹni tí ó ní iṣẹ́ ńlá nílẹ̀, bí i ilé kíkọ́, tí ó ránṣẹ́ pe ìbátan, àna àti ọ̀rẹ́, tí ó sì fi oúnjẹ àti ọtí dá wọn lọ́lá. Nínú méjèèjì, kò sí owó tí ń kọjá láti ọwọ́ kan sí èkejì, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó ṣiṣẹ́ lásán. Gbèsè iṣẹ́ ni wọ́n ń dá, gbèsè iṣẹ́ ni wọ́n sì ń san.

Ìlànà yìí kan náà ni ó gbé iṣẹ́ ayẹyẹ ró. Bí àgbà bá kú tàbí bí wọ́n bá fẹ́ gbé ìyàwó, obìnrin ilé ni ó ni ìdí ààrò. Ìyálé ni ó ń pín iṣẹ́. Aya tí ó dé gbẹ̀yìn ni ó ń pọn omi, tí ó ń lọ ata, tí ó sì ń fọ ìkòkò. Ẹni tí ó ti pẹ́ nílé ni ó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí (1997) ti fi hàn pé ìgbà tí ènìyàn wọ agbo ilé ni ó ń sọ ipò rẹ̀ láàárín àwọn aya ilé, kì í ṣe ọjọ́ orí rẹ̀. Àwọn ọmọ-osú, ìyẹn ọmọbìnrin ilé tí wọ́n ti lọ sílé ọkọ, yóò dé pẹ̀lú agbára tiwọn, nítorí pé ọkọ ni wọ́n jẹ́ sí àwọn aya ilé. Ẹgbẹ́ onínàáwó náà yóò wá. Àgbájọ ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ àyà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ kọ̀ọ̀kan mọ ipò tí ó wà.

Ẹ̀san iṣẹ́ yìí pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní ni ìpín: ẹran, oúnjẹ àti obì tí ó tọ́ sí ipò kọ̀ọ̀kan, tí ẹni tí wọn kò bá fún lè bínú sí ní gbangba. Èkejì ni ìrántí. Obìnrin tí ó lọ ata níbi ìsìnkú ìyá ọkọ ẹlòmíràn mọ̀ pé, bí ó bá kan òun, ẹni náà kò gbọdọ̀ jókòó sílé. Ẹ̀kẹta ni ohùn. Ẹni tí ó ṣiṣẹ́ lè sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ṣe àgbéyẹ̀wò ìnáwó, ó sì lè fi ẹ̀jọ́ sun àgbà ilé. Òwe tí ó sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè, ṣe àpèjúwe ètò yìí dáadáa: àwọn méjèèjì kò dọ́gba, ṣùgbọ́n ọ̀kan kò lè ṣe láìsí èkejì.

Kò yẹ kí ìtàn yìí di ìtàn ayé àtijọ́ tí kò ní àbùkù. Aya tuntun tí ó pọn omi fún ọjọ́ mẹ́ta kò rí ara rẹ̀ bí ẹni tí ó gba ẹ̀san tó. Bákan náà, ìnáwó máa ń sọ ènìyàn di ìwọ̀fà. Samuel Johnson, nínú ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ṣàlàyé pé iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe fún olówó dúró gẹ́gẹ́ bí èlé lórí owó tí wọ́n yá, títí owó náà yóò fi padà. Ìsìnkú àti ìgbéyàwó wà lára ohun tí ń mú kí ènìyàn yá owó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, láyé àtijọ́ pàápàá, ayẹyẹ ẹnì kan lè jẹ́ òógùn ẹlòmíràn fún ọdún púpọ̀. Ìyàtọ̀ tí ó ṣe pàtàkì ni pé ìwọ̀fà mọ ohun tí ó so òun mọ́ iṣẹ́, ìgbọ̀wọ́ sì wà tí ó jẹ́rìí sí àdéhùn náà.

Owó wọ agbo: olórin àti àwọn tí ń tẹ̀lé e

Ìjọba amúnisìn ni ó sọ owó ojúmọ́ di ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ní ìlú Èkó. Iṣẹ́ ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1896, èbúté àti iṣẹ́ ìjọba kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn jọ tí wọ́n ń gba owó iṣẹ́ ní ojoojúmọ́ tàbí ní ìparí oṣù. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹfà ọdún 1945, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba da iṣẹ́ sílẹ̀ jákèjádò ilẹ̀ Nàìjíríà nítorí ọ̀wọ́n gógó ìgbà ogun. Michael Imoudu, aṣáájú àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin, ni orúkọ rẹ̀ ròkè jù lọ nínú ìjà náà. Lára ohun tí wọ́n béèrè ni pé kí owó lébìrà má dín sí ṣílè méjì àti sísì lójúmọ́. Ohun tí ọdún 1945 fi sílẹ̀ ju owó lọ. Ó fi hàn pé òṣìṣẹ́ ojúmọ́ lè sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́, láìṣe pé ó jẹ́ ọmọ ẹnì kan.

Ọdún náà gan-an ni Hubert Ogunde fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ láti fi eré orí ìtàgé ṣe iṣẹ́ òòjọ́, ó sì gbé eré *Strike and Hunger* jáde lórí ìdaṣẹ́sílẹ̀ yìí. Ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ilé-iṣẹ́ ìgbafẹ́ àkọ́kọ́ tí Yorùbá dá sílẹ̀ fúnra wọn tí ó sì ń san owó fún òṣìṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìṣòro kan yọjú. Òṣèrébìnrin kì í pẹ́ nínú ẹgbẹ́, nítorí pé bí wọ́n bá ti lọ́kọ ni ọkọ yóò ní kí wọ́n fi eré sílẹ̀. Ogunde wá fẹ́ púpọ̀ nínú wọn, àwọn aya rẹ̀ sì di òpó ẹgbẹ́ náà, gẹ́gẹ́ bí ìwé Ẹbun Clark (1979) lórí rẹ̀ ti fi hàn. Ẹni tí ó wọlé gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ di ẹbí. Kì í ṣe ìwà Ogunde nìkan ni èyí ń sọ. Ó ń sọ pé agbanisíṣẹ́ Yorùbá ìgbà náà kò tíì rí okùn mìíràn tí ó yi tó okùn ẹbí láti fi di òṣìṣẹ́ mú.

Ẹgbẹ́ olórin jùjú ni ó gbé irú ìbáṣepọ̀ yìí dé ojú agbo ayẹyẹ. Nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1990, Christopher Waterman fi hàn bí owó ṣe ń rìn. Onínàáwó àti àlejò ń lẹ owó mọ́ iwájú orí olórin. Olórí ẹgbẹ́ ni ó ni àṣẹ lórí owó náà, òun ni yóò sì pinnu ohun tí onílù àti elégbè yóò mú lọ sílé. Ọ̀gá ni wọ́n ń pè é, bàbá ni ó sì máa ń ṣe sí wọn nígbà tí ara ọmọ wọn kò bá yá tàbí nígbà tí owó ilé bá tó san. Owó tí ó bá wọlé jẹ́ ti ọ̀gá. Èyí tí ó bá fún wọn jẹ́ àánú rẹ̀. Ìhùwàsí yìí ni ilé-iṣẹ́ ayẹyẹ yóò jogún.

Owó epo àti ìgbòòrò ìnáwó

Láàárín ọdún 1970 sí 1980, owó epo rọ̀pọ̀tọ̀ wọ ìlú. Lẹ́yìn ìròyìn ìgbìmọ̀ Udoji ní ọdún 1974, owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba lọ sókè, wọ́n sì san àjẹsílẹ̀ rẹ̀ pa pọ̀. Títí di òní ni àgbà Èkó ṣì ń pe irú owó òjijì bẹ́ẹ̀ ní owó Udoji. Láti ọjọ́ 15 oṣù Kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977, ìjọba Nàìjíríà gba àlejò FESTAC '77 ní Èkó. Wọ́n kọ́ Gbọ̀ngàn Ìṣeré Àpapọ̀ sí Ìgànmú, wọ́n sì kọ́ odidi ìlú kan fún ibùsùn àlejò. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn láti orílẹ̀-èdè tí ó ju 50 lọ ni ó yẹ kí wọ́n bọ́, kí wọ́n gbé, kí wọ́n sì tọ́jú. Ìlú rí i pé àlejò gbígbà lè jẹ́ iṣẹ́ tí ènìyàn gbà ṣe fún owó, tí a sì lè fi ìwé àti ìṣirò darí.

Ní ojú títì àdúgbò, àyípadà náà ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ówàḿbẹ̀ di orúkọ fún ayẹyẹ tí wọ́n ti títì pa fún, tí kánópì bò láti ìkángun kan dé èkejì. Obìnrin ilé kò pọ̀ mọ́ nínú ilé tí wọ́n yá gbé ní Súrùlérè tàbí Múṣin. Ìyálé wà ní Ìjẹ̀bú tàbí Ọ̀yọ́, ọmọ-osú wà lẹ́nu iṣẹ́ ọ́fíìsì. Ẹni tí ó ń fi àga, ìkòkò àti kánópì yáni rí ọjà tà. Ìyá alásè, tí ó ti ń sè fún aládùúgbò tẹ́lẹ̀ kí wọ́n lè fi owó ọbẹ̀ dá a lọ́lá, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ iye iṣẹ́ rẹ̀ ṣáájú. Àwọn ọmọdébìnrin tí ń bá a bó iṣu jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n, ọmọ ọ̀rẹ́, tàbí ẹni tí wọ́n gbà tọ́. Èyí jẹ́ ojúkò pàtàkì nínú ìtàn yìí: iṣẹ́ ti di òwò, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ń ṣe é ṣì jẹ́ ti ẹbí, bí kò bá jẹ́ ẹbí onínàáwó, yóò jẹ́ ẹbí alásè.

Ilé-iṣẹ́ ńlá àti okùn tí ó gùn

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkànlélógún, ilé-iṣẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ètò ayẹyẹ lọ dìde ní Èkó. Yewande Zaccheaus dá Eventful sílẹ̀ ní ọdún 2002. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e ni Zapphaire Events ti Funke Bucknor-Obruthe bẹ̀rẹ̀. Àwọn obìnrin tí wọ́n lé iwájú nínú iṣẹ́ yìí sọ ọ́ di iṣẹ́ tí ọmọ Yunifásítì lè fi yangàn. Gbọ̀ngàn ńláńlá dìde ní Ìkẹjà, Orégùn àti Erékùṣù Victoria, ayẹyẹ sì kúrò lójú títì wọ inú ilé tí ó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Àyẹ̀wò tí ó kàn yìí kò dá lórí ilé-iṣẹ́ kan ní pàtó. Bí wọ́n ṣe to iṣẹ́ náà lápapọ̀ ni ó dá lé.

Okùn tí ó so onínàáwó mọ́ agbáwo ti gùn gan-an. Onínàáwó ń bá olùṣètò ṣe àdéhùn. Olùṣètò ń gbé iṣẹ́ lé alásè, ẹlẹ́ran ìyan, ẹni tí ń ṣe ọ̀ṣọ́, olóhun mímu àti ẹni tí ń tọ́jú àlejò lọ́wọ́. Alásè tàbí olóhun mímu yóò pe ẹnì kan tí ń kó ọmọ wá. Ẹni náà yóò fi ìkéde sórí WhatsApp pé òun ń fẹ́ 20 ènìyàn tí ó ní ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti ṣòkòtò dúdú. Bí onínàáwó bá san ìdajì owó ṣáájú tí ó sì fi ìdajì yòókù falẹ̀, ìdádúró náà yóò sọ̀ kalẹ̀ lórí okùn yìí títí yóò fi dé ìdí. Ẹni tí ó wà ní ìdí ni ó máa ń dúró pẹ́ jù lọ, òun náà sì ni kò lè bá onínàáwó sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ iṣẹ́ kan lè bẹ̀rẹ̀ ní ìdájí kí ó sì parí lẹ́yìn òru. Agbáwo ń dúró láàárín ìdí ìkòkò àti tábìlì. Alásè ń ka àwo jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí pé iye àwo ni onínàáwó san owó rẹ̀. Àlejò kò mọ èyí. Ohun tí ó rí ni pé agbáwo kọjá lẹ́ẹ̀mẹta, oúnjẹ kò sì dé ọ̀dọ̀ òun. Wọn yóò ní ó ń ṣojúsàájú, wọn yóò ní ó fi ẹran pamọ́. Bí àlejò bá tún fẹ́ kí wọ́n di oúnjẹ fún òun lọ sílé, agbáwo ni yóò gba ìbínú alásè. Bí ṣíbí bá dín nígbà tí wọ́n bá kà wọ́n, tàbí bí gíláàsì bá fọ́, wọ́n lè yọ owó rẹ̀ nínú owó rẹ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, ọkọ̀ kò sí mọ́ lójú títì. Ẹni tí kò bá ní ìbùgbé nítòsí yóò sun orí àga tí òun fúnra rẹ̀ tò.

Iṣẹ́ náà ní oore tirẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ń fi san owó ilé-ìwé, ìyá ń fi ra oúnjẹ ọmọ. Àlejò lawọ́, owó ọwọ́ kékeré sì máa ń wọ àpò. Ẹni tí ó fojú sí i lè kọ́ bí wọ́n ti ń se oúnjẹ fún 500 ènìyàn láìsí pé ó san owó ẹ̀kọ́ṣẹ́, púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń pè ní alásè lónìí sì ti ìdí àwo fífọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ayọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú: ìlù, àwọ̀ aṣọ, àti ìgbéraga pé ayẹyẹ náà lọ bí ó ti yẹ. Òwe àwọn àgbà pé òṣìṣẹ́ ń bẹ nínú oòrùn, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ ń bẹ lábẹ́ ibòji, kò sọ pé iṣẹ́ burú. Ohun tí ó ń béèrè ni ibi tí èrè ń gbà.

Èdè ẹbí àti ìwé òfin

Lẹ́nu iṣẹ́ yìí, Mọ́mì ni wọ́n ń pe alásè, Àǹtí ni olùṣètò, Ọ̀gá tàbí Bọ̀ọ̀dá ni ẹni tí ó kó wọn wá. Àwọn náà ń pè wọ́n ní "ọmọ mi". Bí owó bá pẹ́, gbólóhùn tí wọ́n máa ń gbọ́ ni pé kí wọ́n ní sùúrù fún Mọ́mì. Bí ó bá dín, pé ṣebí wọ́n jẹun. Ẹni tí ó bá béèrè owó rẹ̀ lójú agbo di aláìlẹ́kọ̀ọ́. Èdè yìí kì í ṣe ẹ̀tàn látòkèdélẹ̀, nítorí pé ọ̀wọ̀ fún àgbà jẹ́ òtítọ́ nínú ìgbésí ayé Yorùbá, alásè púpọ̀ sì ń ṣe bí ìyá ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n nínú agbo ilé, ẹni tí wọ́n pè ní ọmọ ní ìpín, ó ní ìrántí, ó sì ní ohùn. Èyí tí wọ́n gbé wọ inú ilé-iṣẹ́ ni ìgbọràn tí ó tọ́ sí ìyá. Wọ́n fi ohun tí ìyá jẹ ọmọ sílẹ̀ lẹ́yìn.

Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1974 kò fara mọ́ púpọ̀ nínú ìṣe yìí. Abala 1 rẹ̀ ní kí wọ́n san owó iṣẹ́ ní owó tí ìjọba fọwọ́ sí. Agbanisíṣẹ́ lè fi oúnjẹ kún un gẹ́gẹ́ bí àjẹmọ́nú, ṣùgbọ́n àwo ìrẹsì kò lè gba ipò owó. Abala 13 ní kí ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ ní ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín sí wákàtí kan. Abala 7 ní kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tí ó sọ àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀. Ibí ni ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀: oṣù mẹ́ta ni òfin fún agbanisíṣẹ́ láti kọ ìwé náà. Iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ìdájí Àbámẹ́ta tí ó sì parí ní òru Àbámẹ́ta kò lè dé oṣù mẹ́ta láéláé, bí ẹni náà bá tilẹ̀ ń padà wá ní gbogbo ọ̀sẹ̀ fún ọdún márùn-ún.

Òfin owó oṣù tí ó kéré jù lọ ti ọdún 2019 gbé iye náà dé ₦30,000; àtúnṣe ọdún 2024 gbé e dé ₦70,000. Ṣùgbọ́n òfin náà yọ ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀, ó sì yọ ẹni tí kì í ṣiṣẹ́ ní gbogbo àkókò àti ẹni tí ń gba owó lórí iye iṣẹ́ tí ó ṣe. Ilé-iṣẹ́ tí ó lè kó 100 ènìyàn wá sí gbọ̀ngàn ní ọjọ́ kan lè ní òṣìṣẹ́ mẹ́wàá péré nínú ìwé. Òfin ẹ̀san fún òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 ṣe dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ó ka òṣìṣẹ́ ìgbà díẹ̀ àti ti ojúmọ́ mọ́ àwọn tí ó tọ́ kí wọ́n gba ẹ̀san bí wọ́n bá farapa. Síbẹ̀, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó oṣù tí ó wà nínú ìwé ni agbanisíṣẹ́ fi ń dá sí àpò náà. Ẹni tí epo gbígbóná dà sí lára, tí orúkọ rẹ̀ kò sì sí nínú ìwé kankan, yóò kọ́kọ́ fi hàn pé òun wà níbẹ̀.

Gbólóhùn kan wà nínú Òfin Iṣẹ́ tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ àṣà Yorùbá wò dáadáa. Níbi tí abala 91 ti túmọ̀ òṣìṣẹ́, ó yọ ẹbí agbanisíṣẹ́ kúrò. Àwọn tí ó kọ òfin rò pé ẹbí ní ààbò tirẹ̀, kò nílò ti ìjọba. Ìlà tí ó dá òṣìṣẹ́ sí apá kan tí ó sì dá ẹbí sí apá kejì rọrùn lórí ìwé. Nínú iṣẹ́ ayẹyẹ, òṣìṣẹ́ ojúmọ́ dúró lórí ìlà náà gan-an. Wọ́n ń pè é ní ọmọ nígbà tí ó bá béèrè owó, wọ́n sì ń pè é ní òṣìṣẹ́ nígbà tí ó bá béèrè ìrànlọ́wọ́.

Ìdánwò ọdún 2020

Àìsàn Kòrónà fi ìlà yìí hàn kedere. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kọ́kọ́ dín iye ènìyàn tí ó lè péjọ kù. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2020, Ààrẹ Muhammadu Buhari kéde ìsémọ́lé fún Èkó, Ògùn àti Àbújá, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní aago 11 alẹ́ ọjọ́ kejì. Ayẹyẹ dúró. Iṣẹ́ tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ àpéjọ wà lára èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tì, tí wọ́n sì ṣí kẹ́yìn.

Nínú ìsémọ́lé náà, onínàáwó lè sún ọjọ́ síwájú. Ilé-iṣẹ́ lè bá a sọ̀rọ̀ lórí owó tí ó ti san, nítorí pé ìwé àdéhùn wà láàárín wọn. Òṣìṣẹ́ ojúmọ́ kò ní ọjọ́ tí yóò sún, kò sì ní ìwé tí yóò gbé jáde. Iṣẹ́ Àbámẹ́ta tí ó ń bọ̀ ni gbogbo àdéhùn tí ó ní. Àjọ dídá, tí William Bascom kọ̀wé lé irú rẹ̀, èsúsú, ní ọdún 1952, kò lè ràn wọ́n lọ́wọ́ púpọ̀, nítorí pé àwọn tí wọ́n jọ ń dá àjọ ni wọ́n jọ pàdánù iṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà.

Àfiwé rẹ̀ pẹ̀lú agbo ilé kò ṣòro. Bí àjàkálẹ̀ àrùn bá wọ ìlú láyé àtijọ́, aya tí ó kéré jù yóò jìyà, ṣùgbọ́n inú ilé ni yóò ti jìyà, ìkòkò ilé ni wọn yóò sì ti bu oúnjẹ fún un. Bí ó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ojú irin ti ọdún 1945, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yóò bá a sọ̀rọ̀. Òṣìṣẹ́ ayẹyẹ ti ọdún 2020 kò ní ìkòkò, kò sì ní ẹgbẹ́.

Ìgúnlẹ̀

Ìtàn tí àpilẹ̀kọ yìí tọ̀ ní ipele mẹ́rin. Iṣẹ́ ayẹyẹ kọ́kọ́ jẹ́ ojúṣe tí ẹ̀tọ́ so mọ́. Lẹ́yìn náà, olórin àti òṣèré mú owó wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n wọ́n fi okùn ẹbí di òṣìṣẹ́ mú. Owó epo sọ alásè di oníṣòwò. Níkẹyìn, ilé-iṣẹ́ ńlá to gbogbo rẹ̀ sórí okùn àdéhùn tí ó gùn, tí ìwé wà ní òkè rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ ẹnu sì wà ní ìsàlẹ̀.

Kò sí ẹni tí ó lè dá ayẹyẹ Èkó padà sí agbo ilé, kò sì yẹ kí aya tuntun fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn fi hàn pé Yorùbá kò fìgbà kan gbà pé ènìyàn lè ṣiṣẹ́ níbi ìnáwó láìní ẹ̀tọ́ kankan níbẹ̀. Ìwọ̀fà pàápàá ní àdéhùn tí ẹlẹ́rìí mọ̀. Ìwé pélébé kan tí ó sọ orúkọ òṣìṣẹ́, iye owó rẹ̀, wákàtí iṣẹ́ àti ọjọ́ tí wọn yóò san án, tí olùṣètò fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí, yóò ṣe ohun tí ìgbọ̀wọ́ ń ṣe nígbà náà. Yóò sì mú kí òfin ọdún 2010 rí orúkọ tí yóò dì mú bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀.

Iṣẹ́ kan kù fún àwọn onímọ̀ pẹ̀lú. Ìtàn ẹnu olórin, alága ìjókòó àti olówó ti wà nínú àkójọ wa. Ti agbáwo, afọwo àti ẹni tí ń na kánópì ṣọ̀wọ́n. Àwọn tí wọ́n fọ àwo ní ìgbà owó Udoji ti di àgbà báyìí. Bí wọn kò bá gbọ́ ohùn wọn láìpẹ́, ìtàn ìnáwó Yorùbá yóò máa jẹ́ ìtàn ẹni tí ó jókòó sídìí tábìlì nìkan.